Èsì lórí “oríkì-àwòrán”: asà ìdílé ni nǹkan yẹn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo ilé.

Mo ka ìwé tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Swindon fi ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ń ṣe ìwé pélébé lédè Yorùbá fún àwọn ọmọ ilé wa tó ń lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì St Mary ní Lydiard Tregoze, níbi tí ìdílé St John, àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kó ère, àwòrán àti ìtàn ìran wọn jọ sí. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti pe àmì ìdílé náà, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní coat of arms, ní “oríkì-àwòrán”, inú mi ru. Ó tún wá bí mi nínú pé àwọn kan ti kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Dídùn kọ́ là ń wí.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti inú gírámà. Bí a bá to ọ̀rọ̀ orúkọ méjì báyìí, ti iwájú ni olórí, ti ẹ̀yìn ló ni ín. Oríkì Ìbàdàn: Ìbàdàn là ń kì. Oríkì Ògún: Ògún là ń kì. Oríkì ẹfọ̀n tí àwọn ọdẹ ń fi ìjálá sun: ẹfọ̀n là ń kì. Kí wá ni oríkì àwòrán? Àwòrán là ń kì nìyẹn! Ẹnì kan dáhùn pé “adé ìlẹ̀kẹ̀” ńkọ́, pé ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ ló ni adé, òun ni wọ́n fi ṣe é. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ló ń ṣe adé. Ta ló ń fi ọ̀dà ṣe oríkì? Inú “kì” yẹn gan-an ni ìjà mi wà. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó fẹ́ ohùn ni, tó fẹ́ etí tó ń gbọ́, tó fẹ́ kí orí ẹni tí à ń kì wú. Ẹ sì ṣọ́ ohùn rẹ̀: “ó ki Ọlọ́fà”, ṣùgbọ́n “ó kì í”. Ẹni tó kọ “oríkí” nínú lẹ́tà tó tẹ̀lé ti ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ti ìkíni nìyẹn.

Ìyá bàbá mi kò mọ̀wé. Bí a bá jí tí a dọ̀bálẹ̀, ó di “Iyèrú Ọ̀kín, Ọlọ́fà Mọjò, ìjàkadì lorò Ọ̀fà”, wọn á máa bá a lọ títí ẹ̀kọ yóò fi tutù. Kò sẹ́ni tó ya ọ̀kín kankan sára ògiri wa, a ò sì fìgbà kan ṣìnà ìdílé wa. Ẹ̀gbọ́n ní nítorí pé ìdílé St John ní ẹyẹ lórí àmì wọn, tí àwa ọmọ Ọlọ́fà náà ní ọ̀kín, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Mi ò gbà. Ọ̀kín tiwa, ẹnu ìyá mi àgbà ló ń gbé. Bí ẹnu bá dákẹ́, ó tán.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Lọ́dún 1615, Sir John St John ṣe ìrántí fún òbí rẹ̀, Sir John àgbà tó kú ní 1594 àti Lucy Hungerford tó kú ní 1598. Pákó gàgàrà ni, tí wọ́n kùn, tó ní ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ṣí i, òbí méjèèjì kúnlẹ̀ láàárín, ọmọkùnrin wọn àti Anne Leighton aya rẹ̀ wà lápá kan, ọmọbìnrin mẹ́fà wà lápá kejì. Bí wọ́n bá tì í, ìran ìdílé ló kún ojú rẹ̀, orúkọ lábẹ́ orúkọ, asà lẹ́gbẹ̀ẹ́ asà. Sir Richard St George ló to ìran náà. Àna wọn ni. Elizabeth ọmọ ilé St John ló fẹ́. Oyè rẹ̀ nígbà yẹn ni Norroy King of Arms, ẹ̀gbọ́n sì túmọ̀ ìyẹn sí “Ọba Ohun Ìjà”. Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ọba, kò sì gbé idà. Òṣìṣẹ́ ààfin ni, ní College of Arms, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó asà ìdílé, tí Ọba Richard Kẹta fún ní ìwé àṣẹ ní 1484. Láti 1530 títí di 1688 ni irú wọn ń lọ láti àgbègbè dé àgbègbè, tí wọ́n ń wádìí ẹni tí asà tọ́ sí àti ẹni tó kàn gbé e kọ́rùn. Bí a bá ní ká wá ìbátan rẹ̀ nílé wa, arọ́kin Ọ̀yọ́ ló sún mọ́ ọn, ẹni tó mọ ìran ọba láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ó dára, kí ni nǹkan tí wọ́n yà? Asà ni. Ti ìdílé St John funfun bíi fàdákà, òkè rẹ̀ pupa, ìràwọ̀ wúrà méjì sì wà lórí pupa náà. (Àwọn kan ní ìràwọ̀ kọ́, pé irin ẹsẹ̀ agẹṣin ni. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ lónìí.) Ti Hungerford, ìdílé Lucy, dúdú, ọ̀já funfun méjì dábùú rẹ̀, òbìrí funfun mẹ́ta wà lókè. Ohun tí ẹ̀gbọ́n kò mẹ́nu bà rárá ni pé àwọn onímọ̀ asà ní bí wọ́n ṣe ń pè é, pẹ̀lú èdè Faransé àtijọ́: argent (fàdákà), gules (pupa), or (wúrà). Ẹni tó bá gbọ́ ìpè náà yóò ya asà ọ̀hún bó ti yẹ, kódà bí kò bá rí i rí. Bí ohun kan bá wà níbẹ̀ tó jọ oríkì, ìpè yẹn ni, torí òun ló ń ti ẹnu jáde! Síbẹ̀ kò yin ẹnikẹ́ni, kò sọ ẹni tó jagun tàbí ẹni tó lawọ́. “Ìpèdè asà” ni mo dábàá fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i. Ẹnì kan kọ “asa idile won” síhìn-ín láìní àmì kankan. Èwo nínú wọn? Asà ni ti jagunjagun, Sáàmù kẹta ti jẹ́ ká mọ̀ ọ́n láti kékeré: “Ìwọ, Olúwa, ni asà fún mi.” Àṣà ni ìṣe ẹni. Àṣá sì ni ẹyẹ tó ń gbé òròmọdìyẹ. Ìdílé yìí ní asà nísàlẹ̀, àṣá ló sì wà lókè àṣíborí wọn. Bí ẹ bá kọ ọ́ láìní àmì, ẹ ti da gbogbo rẹ̀ rú mọ́ ẹni tó ń kà á lọ́wọ́.

Lórí “ibojì” tí ẹ̀gbọ́n pe gbogbo rẹ̀: pákó 1615 kì í ṣe ibojì. Ère òkúta ti 1634 tó tún wà níbẹ̀ pàápàá, Sir John ọmọ tó gbé e kalẹ̀ kò tíì kú nígbà náà. 1648 ló kú. Ó dùbúlẹ̀ láàárín ìyàwó méjì. Anne, tó ti bí ọmọ mẹ́tàlá kó tó kú ní 1628, gbé ìkókó sọ́wọ́. Margaret Whitmore ìyàwó kejì ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n gbẹ́ ère tirẹ̀. Ère ìrántí ni kí ẹ kọ.

“Igi ìdílé” (family tree) tí wọ́n pe ìtò ìran náà, mi ò fẹ́ ẹ. Ìran la ní, ìran ni kí ẹ kọ. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti lè gba igi ni fèrèsé ìlà-oòrùn, iṣẹ́ Abraham van Linge, torí igi ólífì gidi ló wà níbẹ̀ tí asà so mọ́ ẹ̀ka rẹ̀. Orúkọ Oliver ni wọ́n ń fi igi náà pè. Oliver St John, baba ńlá wọn, ni ọkọ àkọ́kọ́ Margaret Beauchamp. Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin náà fẹ́ John Beaufort, wọ́n bí Margaret Beaufort, ẹni tó bí Ọba Henry Keje. Ẹ rí ìdí tí wọ́n fi ń gbé asà kọ́ káàkiri: ìbátan ọba ni wọ́n.

Ẹni tó ní ká lo “ilà” fún àmì ìdílé náà, èmi àti ẹ ṣì máa sọ ọ́. Àwọ̀ ara ni wọ́n ń kọ ilà sí, ọmọ kan kì í sì í pín ojú rẹ̀ sí méjì fún ìdílé bàbá àti ti ìyá bí wọ́n ṣe ń pín asà fún ọkọ àti aya. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún asà alápá méjì yẹn. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Èkìtì, bí ẹ̀ka-èdè yín bá ní in, ẹ mú un wá. Ẹ̀gbọ́n, kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, ẹ yọ “oríkì” kúrò níbẹ̀.