C: ti kún, fáìlì inú rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀: kí ló ń jẹ àyè náà?

Afọ́tò Kàbbà

Okun o, ẹ̀yin ará wa. Laptop tí a fi ń ṣiṣẹ́ fọ́tò àti fídíò ní ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Windows 11 ni, RAM 8GB, SSD 256GB. Àpapọ̀ C: (dísìkì inú rẹ̀) jẹ́ 237GB, 6GB péré ló ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣí C:, tí mo yan gbogbo fódà tó hàn, tí mo sì wo Properties, 148GB ni "Size on disk" (àyè tí wọ́n gbà gan-an lórí dísìkì) ń kọ. Tí a bá yọ 6 kúrò nínú 237, ó ku 231. 83GB tó kù dà?

Èkejì: fódà OneDrive wa (ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 1TB ni a ń san owó rẹ̀) ní Size 94GB, Size on disk rẹ̀ jẹ́ 61GB. Mo ti tẹ "Free up space" (kí fáìlì kúrò lórí dísìkì, kó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan) lẹ́ẹ̀mejì. Á wálẹ̀ dé bíi 20GB, tó bá máa fi di Sátidé á ti tún wú. Ẹnikẹ́ni kò sì ṣí àwọn fáìlì náà. Ètò kan wà tó ń ṣe ẹ̀dà Pictures àti Documents sórí external hard disk ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bóyá ìyẹn kàn án. Dátà tó ń bá a lọ kò kéré. Ṣé kí n kúkú pa àwọn iṣẹ́ àtijọ́ rẹ́ nínú OneDrive ni?

Ìsánlú_Ẹ̀rọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ nínú fódà OneDrive máa parẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, àti lórí gbogbo ẹ̀rọ tó so mọ́ àkáǹtì yẹn. Recycle bin orí íntánẹ́ẹ̀tì máa tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ 30 tó bá jẹ́ àkáǹtì ti ara ẹni. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti lọ nìyẹn. Iṣẹ́ oníbàárà ni ẹ ń sọ yìí.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ẹ dà pọ̀, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n. 83GB yẹn kò kan OneDrive. Ohun tó bá fara pamọ́ kò sí lára ohun tí ẹ yàn: pagefile.sys (àyè tí Windows fi ń ran RAM lọ́wọ́), hiberfil.sys (ti hibernate), ProgramData, $Recycle.Bin. System Volume Information tún wá burú jù wọ́n lọ, torí pé bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ kó hàn, Windows kò ní jẹ́ kí ẹ wọ inú rẹ̀, òdo ni Properties máa kọ.

Ẹ lọ gba WizTree, ètò tó ń fi ohun tó ń jẹ àyè lórí dísìkì hàn. Ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan "Run as administrator", torí pé láìsí ìyẹn, ojú kan náà ni òun pẹ̀lú yóò fi wo dísìkì. Ìlà "Allocated" ni kí ẹ máa wò. Ẹ fi "Size" sílẹ̀, ó máa ń tan èèyàn: fáìlì tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà á fi Size rẹ̀ hàn lódindi, bẹ́ẹ̀ Allocated rẹ̀ jẹ́ 0. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí síbí.

Afọ́tò Kàbbà

Ẹ ṣeun. Ohun tó gbé jáde nìyí: System Volume Information 46GB, $Recycle.Bin 12GB, ProgramData 11GB, pagefile.sys 9GB, hiberfil.sys 3.2GB. Ìyókù jẹ́ wẹ́wẹ́wẹ́.

Ìsánlú_Ẹ̀rọ

46GB yẹn ni restore point, ìyẹn àwòrán ipò tí Windows wà, tó ń tọ́jú kó lè padà síbẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹnì kan ti fún un láyè jù. Ẹ tẹ Win+R, ẹ kọ sysdm.cpl, ẹ lọ sí System Protection, ẹ yan C:, ẹ tẹ Configure. Ẹ máa bá "Max Usage" ní nǹkan bíi 20%. Ẹ fà á wálẹ̀ sí 5%, ìyẹn bíi 12GB, kí ẹ sì tẹ Apply. Àwọn tó pẹ́ jù ni yóò lọ, 34GB á padà sọ́wọ́ yín. Ẹ má pa á pátápátá o, ọjọ́ tí driver (ètò tí Windows fi ń darí ẹ̀yà ẹ̀rọ) bá bàjẹ́ ẹ máa wá a. Tí ẹ bá fẹ́ rí i dájú, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ kọ:

vssadmin list shadowstorage

Recycle Bin, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì dà á nù. Pagefile, ẹ fi sílẹ̀, RAM 8GB pẹ̀lú fídíò nílò rẹ̀.

Àwọn kan máa ní kí ẹ kọ powercfg /h off kí hiberfil.sys lè lọ. Ní tèmi, kì í ṣe níbi tí iná ti ń lọ láìsọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí bátìrì bá fẹ́ tán, hibernate ló ń kó iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ sínú dísìkì kí ẹ̀rọ tó kú. 3.2GB kò tó ohun tí èèyàn máa torí ẹ̀ pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ọmọ Bùnú

Ẹ jẹ́ kí n mú ti OneDrive. Ètò alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn ni. Fáìlì tó ní àmì kíláòdù aláwọ̀ búlúù kò sí lórí dísìkì, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ètò tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kà á, bó bá sì ti kà á, Windows á lọ wà á wálẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò dúró de kí èèyàn ṣí i. Ìdí nìyẹn tí dátà fi ń lọ tí dísìkì sì ń kún lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi jẹ́ Sátidé ni ẹ ń rí i.

Ẹ ṣe é báyìí. Iṣẹ́ tó ti parí, ẹ rí i pé ẹ̀dà rẹ̀ ti wà lórí external, ẹ ṣí méjì mẹ́ta níbẹ̀ wò, kí ẹ wá yọ fódà rẹ̀ kúrò nínú ohun tí ètò yẹn ń wò. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó tẹ "Free up space". Iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́, "Always keep on this device" ni kí ẹ yàn fún un, àmì rẹ̀ á di róbótó aláwọ̀ ewé tó kún dẹ́dẹ́. Èyí ṣe pàtàkì tí ẹ bá ń gbé laptop lọ sí ìletò tí nẹ́tíwọ́kì kò dé, torí fáìlì oníkíláòdù kò ní ṣí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Settings, System, Storage, Storage Sense: ẹ sún OneDrive sí ọjọ́ 30. Fáìlì tí ẹ kò bá ṣí fún ọjọ́ 30 á padà di ti orí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Kì í fọwọ́ kan èyí tí ẹ bá ti yan "Always keep" fún.

Afọ́tò Kàbbà

34GB ti padà. Fídíò ìgbéyàwó kan ló kù, 12GB, àmì ọfà méjì tó ń yí po ló wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin, "Free up space" kò sì ràn án. Hotspot fóònù ni a ń lò.

Ọmọ Bùnú

Kò tíì gòkè tán ni, OneDrive kì í yọ ohun tí kò tíì dé òkè. Ẹ wo Settings, Network & internet, Wi-Fi, orúkọ hotspot yẹn. Bí "Metered connection" (ìsopọ̀ tí Windows ń ṣọ́ dátà rẹ̀ lò) bá wà ní On, OneDrive á dá ara rẹ̀ dúró. Ẹ tẹ àmì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, ẹ ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: tí ìlà yín bá ń gbé 2Mbps sókè, 12GB á gbà tó wákàtí 13, á sì jẹ dátà 12GB yẹn tán. Ẹ so laptop mọ́ iná mànàmáná, kí ẹ sì yí Sleep sí Never fún ìgbà tó bá wà lórí iná, torí tó bá ti sùn, ìgbésókè dúró nìyẹn.