Kánsù ní màmá mi ló máa sanwó ẹni tó ń wá wẹ̀ wọ́n, ẹ gbà mí o

Ọmọ Màmá SE15: Ẹ káàsán o. Inú ń bí mi, mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àrùn ìgbàgbé ló ń ṣe wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n gbé kẹ́tù oníná lórí gáàsì, ìdí ẹ̀ yọ́ pátápátá, álààmù ló jí mi. Lóru wọ́n á wé gèlè, wọ́n á gbé báàgì, wọ́n ní àwọn ń lọ wọ mọ́tò Ìjẹ̀bú, ní London ńbí o! Sóṣíà wọ́kà tí wọ́n wá rán sí wa, ọmọ kékeré, ó wọ bàtà tẹ kápẹ́ẹ̀tì mi, ó ń pe màmá mi ní "Comfort, Comfort", èmi tí mo bí ọmọ mẹ́ta mi ò dárúkọ wọn rí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston, "Mummy ńkọ́" lórí WhatsApp nìkan ló mọ̀. Lẹ́tà kánsù wá dé, àwọn á rán èèyàn wá láàárọ̀ àti lálẹ́, àmọ́ màmá ló máa san gbogbo ẹ̀. Màmá tó fọ ọ́fíìsì nílùú yìí títí eékún fi yẹ̀! Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Tólá: Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Bí ti ìyá ọkọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn, ọlọ́pàá ló bá wa rí wọn ní Lewisham, sílípáàsì lásán lẹ́sẹ̀ wọn nínú òtútù. Má gbé wọn lọ ilé arúgbó o, èèwọ̀ ni.

Bàbá Ìbejì Leeds: Èèwọ̀ wo? Ilé arúgbó lèmi ń bá ṣiṣẹ́, àwa Yorùbá la kúnbẹ̀ tá à ń wẹ ìyá oníyàá. Ẹ yé dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyá Tólá: Tìẹ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Èló ló wà ní àkáǹtì màmá? Ní England ńbí, tí owó èèyàn bá ti ju £23,250 lọ, òun ló máa sanwó ìtọ́jú ara ẹ̀. Tí ò bá tó £14,250, wọn ò ní ka owó yẹn sí, owó tó ń wọlé ni wọ́n máa wò. Ṣé ẹ ń gba Attendance Allowance, owó tí ìjọba ń fún àgbàlagbà tó nílò ìrànlọ́wọ́ nítorí àìsàn? Ìyẹn ò wo báńkì ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Màmá SE15: Ẹ ṣé mà. A ò gbà á, fọ́ọ̀mù yẹn ti gùn jù. Àmọ́ ẹ ò sọ nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ bàtà yẹn, ṣó dáa?

Nọ́ọ̀sì Bísí: Mo ní èló ló wà lákáǹtì?

Déoyè: Ẹ ní kí kánsù ṣe carer's assessment fún ẹ̀yin náà, ìyẹn ni kí wọ́n wo ìrànlọ́wọ́ tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú màmá nílò, òfin Care Act 2014 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bí màmá lówó bí wọn ò lówó.

Ọmọ Màmá SE15: Kò sí nǹkan kan lákáǹtì mọ́. Wọ́n ta flat wọn lọ́dún tó kọjá kí wọ́n tó wá bá mi, wọ́n ní kí n fi £61,000 yẹn parí ilé Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti kan òrùlé. Orúkọ mi ló wà nínú ìwé ilẹ̀ torí ẹ̀gbọ́n mi ò dá kọ́bọ̀.

Bàbá Ìbejì Leeds: Yéè!

Nọ́ọ̀sì Bísí: Ṣé dókítà ti sọ pé àrùn ìgbàgbé ni kó o tó gbé owó yẹn? Power of attorney ńkọ́, ìwé tó fún ẹ láṣẹ láti máa bójú tó owó wọn?

Ọmọ Màmá SE15: Ọmọ wọn ni mí, ìwé kí ni mo tún fẹ́ gbà? Káàdì wọn wà lọ́wọ́ mi. Dókítà ti sọ, àmọ́ ojú wọn là lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní kí n lo páànù tó dáa.

Káyọ̀dé: Ọdún 7 ni, látọjọ́ tí wọ́n ti fún ẹ lówó yẹn. Tó bá ti kọjá, wọn ò lè ṣe nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Káyọ̀dé, ti owó-orí ogún tí òkú fi sílẹ̀ nìyẹn. Ti ìtọ́jú ò ní gbèdéke. Àbúrò mi, kánsù lè ka owó yẹn bíi pé ó ṣì wà lọ́wọ́ màmá, òfin sì gbà wọ́n láyè kí wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e, ìwọ nìyẹn. Má tíì fèsì lẹ́tà yẹn. Pe Age UK, ẹgbẹ́ tó ń gba àwọn àgbàlagbà nímọ̀ràn, ọ̀fẹ́ ni, kó o sì rí lọ́yà.

Bàbá Ìbejì Leeds: Kó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà, torí ọjọ́ tíyẹn bá gbọ́, mi ò sí ńbẹ̀ o.

Ọmọ Màmá SE15: Mi ò ní ta ilé kankan, ẹ jẹ́ ká pa ìyẹn tì. Ta ló ti kọ fọ́ọ̀mù Attendance Allowance yẹn rí kó jẹ́ n wo tiẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Bísí: Pe àwọn Attendance Allowance lónìí kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Tó o bá dá a padà kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, ọjọ́ tó o pè ni wọ́n máa kà á sí. Gèlè òru yẹn, kọ ọ́ síbẹ̀, ẹni tó nílò èèyàn tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń fún ní èyí tó pọ̀ jù.

Ìyá Tólá: Ti ìyá ọkọ mi wà lọ́wọ́ mi. Wá inbox.