Ìdáhùn: “Ìran” kọ́, “ọ̀wọ́” ni (àti ọ̀rọ̀ “ìnílé” tí ẹ fẹ́ gbé fò mí)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò.

Mi ò fẹ́ dá sí i. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń kà á tí mo ń panu mọ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn méje ti kọjá báyìí, ohun tó wà nínú wọn kò ju “àbúrò, o kú iṣẹ́” lọ, àti ti ọ̀gá wa kan tó ń ka oyè ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí wa létí bí ẹni ń kí oríkì ara rẹ̀. Mo kí i kú oríire. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ọ̀rọ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: àbúrò wa kan túmọ̀ àpilẹ̀kọ tó ń sọ bí iye ọmọ tí wọ́n bí lásìkò kan ṣe ń pinnu iye ẹni tí yóò máa wá ilé ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sí i, àti ẹni tí yóò rí ilé rà. Àkọlé tó fún un ni “Ipa Ìran lórí Ìbéèrè fún Ilé àti Ìnílé.” Èyí tó wà láàárín ò gba àkókò. Ìbéèrè, dídáhùn là ń dáhùn rẹ̀. Ẹni tó gbówó dání tó ń kiri ò béèrè nǹkan kan, ilé ló ń wá. Bó bá wá a tí kò rí, Yorùbá ti pe ìyẹn ní ọ̀wọ́n tipẹ́. Ó tán.

“Ìran” ni mo fẹ́ jókòó tì.

Ẹ̀jẹ̀ ni ìran. Ìran lágbájá, ìrandíran. Bàbá mi, èmi, ọmọ mi, ìran mẹ́ta nìyẹn, ìbáà jẹ́ ọmọ ogún ọdún ni bàbá mi nígbà tó bí mi, ìbáà jẹ́ arúgbó. Kò sí kàlẹ́ńdà nínú ìran. Àwọn tí àpilẹ̀kọ yẹn ń sọ ńkọ́? Àwọn tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà láàárín 1946 sí 1964 ni, nígbà tí àwọn sójà ti ojú ogun dé tí ọmọ ń rọ́ wá bí òjò, nǹkan bíi mílíọ̀nù 76. Wọn ò bá ara wọn tan. Àsìkò tí wọ́n wáyé ló pa wọ́n pọ̀. Ẹ tún wò ó dáadáa: ẹni tí wọ́n bí ní 1946 lè bí ọmọ ní 1964. Bàbá àti ọmọ! Àbúrò wá kó àwọn méjèèjì pọ̀, ó ní ìran kan ni wọ́n.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò mú Bíbélì jáde, níbi tí “ìran yìí” ti ń dúró fún àwọn tó jọ wà láyé lásìkò kan náà. Mo ti rí i níbẹ̀. Ó fi hàn pé ó ti pẹ́ tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ náà ya, kò fi hàn pé ó bá ibí mu.

Ẹni tó mú “ojúgbà” wá súnmọ́ ọn jù yín lọ. Àmọ́ ojúgbà ò lè dá dúró. Bí o bá sọ pé “àwọn ojúgbà ń wá ilé,” màá bi ọ́ pé ojúgbà ta ni? “Ẹgbẹ́” sì ti ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́, ó ń jó lóde àríyá, ó ń dá èésú, ẹ fi sílẹ̀ kó sinmi.

“Ọ̀wọ́” ni mo dábàá. Ọ̀wọ́ ẹyẹ, ọ̀wọ́ ẹran: ohun tó jọ dé tó sì jọ ń lọ. Ẹ ṣọ́ àmì orí rẹ̀, ìsàlẹ̀ àti òkè ni. Kì í ṣe ọwọ́, kì í ṣe ọ̀wọ̀, kì í sì í ṣe ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀. Adùn tó wà níbẹ̀ ni pé “n” kan ṣoṣo ló là á láàárín òun àti ọ̀wọ́n. Bí ọ̀wọ́ bá pọ̀ tí ilé ò pọ̀ tó o, ọ̀wọ́n dé. (Mi ò sọ pé orísun kan náà ni wọ́n ní, kí ẹnikẹ́ni má kọ ojú ìwé mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi.)

Ẹ lè ní kí ló kàn mí, ṣebí òǹkàwé yóò lóye. Kò ní lóye. Ọ̀rọ̀ ilé ò ṣeé sọ láìlo méjèèjì. Ọ̀wọ́ ló ń wá ilé, ìran ló ń jogún rẹ̀. Àwọn méjì tí wọ́n bí lọ́dún kan náà, ọ̀wọ́ kan ni wọ́n. Ọ̀kan, àwọn òbí rẹ̀ ní ilé tiwọn, wọ́n sì bá a dá owó àkọ́san. Èkejì, háyà ni òbí rẹ̀ gbé títí tó fi kú. Ìran ló yà wọ́n. Ní ìpínrọ̀ kẹrin, àbúrò kọ ọ́ pé “ilé ìran àgbà yóò bọ́ sọ́wọ́ ìran kékeré.” Sọ́wọ́ gbogbo wọn? Ó tì o. Ilé ọ̀wọ́ àgbà yóò bọ́ sọ́wọ́ ìran àwọn tó nílé nínú ọ̀wọ́ náà, àwọn yòókù yóò dúró síta. Gbogbo ìjà tó wà nínú àpilẹ̀kọ yẹn ló rì sínú ọ̀rọ̀ kan.

Kí ẹ má sì rò pé ìṣirò orí nìkan ni. Ní 1989, onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, Mankiw àti Weil, wo bí àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ọ̀wọ́ ńlá yẹn ṣe kéré, wọ́n ní owó ilé ní Amẹ́ríkà yóò já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó di 2007. Òkè ló gbà lọ ní tirẹ̀. Orí kọ́ ló ń ra ilé, ilé ló ń ra ilé. Ẹ rí i, Yorùbá ti mọ èyí, ọ̀rọ̀ kan náà la ní fún ògiri àti fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Lórílẹ̀-èdè Japan, èèyàn ti ń dín kù fún ọdún mélòó kan, síbẹ̀ nínú ìkànìyàn 2020 iye ilé tí èèyàn ń dá gbé tàbí jọ gbé tún lé sí i, torí ẹni tó ń dá gbé ń pọ̀ sí i.  Ẹni tó sọ kíkúrò lọ́dọ̀ òbí lọ dá ilé gbé di “ìdálé,” mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ Ọlọ́run. Bí àmì bá fò, “ìdàlẹ̀” ni wọn yóò kà. Ọmọ ń lọ gbé ilé tirẹ̀, o sọ ọ́ di ọ̀dàlẹ̀.

Ó kù “ìnílé,” tí àbúrò fi ń pe kí èèyàn ní ilé tirẹ̀.

Olùkọ́ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ní òfin kan. Bí a bá ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, yóò ní ká lọ pè é sétí àgbàlagbà tí kò kàwé, ká má ṣàlàyé, ká kàn wo ojú rẹ̀. Ẹ lọ pe “ìnílé” sétí irú ẹni bẹ́ẹ̀. “Nílé” ni yóò gbọ́. Yóò rò pé ọ̀rọ̀ ẹni tó wà nílé tí kò jáde lẹ ń sọ.

Gírámà náà ò gbà fún yín. “Àì-” máa ń bá “ní” ṣe láìjà: àìnílé, àìníṣẹ́, àìlówó. Ẹ mú “àì” kúrò kí ẹ fi “ì” rọ́pò: ìníṣẹ́? ìlówó? Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Níní là ń pè é, níní iṣẹ́, níní owó. Ẹnìkan fi “ìnilára” ta kò mí ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀gbọ́n, àmì àárín ló wà lórí “ni” yẹn, ọ̀rọ̀ ìṣe mìíràn ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká kàn sọ pé “jíjẹ́ onílé,” ẹ rọra. Nígbà tí ìjọba bá pàṣẹ kónílé-ó-gbélé, ṣé ìwé ilé ni ọlọ́pàá ń béèrè? Ayálégbé náà wọlé, ó tilẹ̀kùn. “Oní” ò sọ pé o ti sanwó tán, ó ní o wà pẹ̀lú nǹkan náà. Onígbèsè náà, ṣé ó ra gbèsè ni? Ẹni tó yá owó ọgbọ̀n ọdún fi ra ilé, onílé ni, onígbèsè ni, lọ́jọ́ kan náà.

Ibi tó ti wá dojú rú ni ìṣirò. Àpilẹ̀kọ náà ní “ìnílé” jẹ́ ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún ní Amẹ́ríkà ní 2004, ó sì ní kò tó ìdajì ní Jámánì. Ní Amẹ́ríkà, ilé ni wọ́n ń kà, èyí tí ẹni tó ni ín ń gbé inú rẹ̀. Nínú ìṣirò àjọ Yúróòpù, èèyàn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ìṣirò kan ò rí i rárá, èkejì kà á mọ́ àwọn tó wà nílé ara wọn. Ọmọ onílé lásán ni! “Ìnílé” da méjèèjì pọ̀ mọ́ ara. Tèmi ni pé ká sọ ọ́ bó ṣe rí: “níní ilé tí à ń gbé.” Ó gùn, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kó gùn.

Ọ̀gá wa olóyè, ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú pé “ìlera” já mi nírọ́, pé “ní” ló wà níbẹ̀. Mo ní “le” àti “ara” ni. Bó bá jẹ́ “ní,” ẹ jọ̀ọ́, kí ni “era”? Mo ti ń dúró láti ọjọ́ Àìkú.