Ọmọ ọdún 9, cerebral palsy (ọpọlọ tó fara pa láti kékeré, tó ń dí ìrìn lọ́wọ́): ṣé iṣan gìgísẹ̀ nìkan ló yẹ kí wọ́n fà gùn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà egungun àti ẹ̀yin físíò. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló mú ọmọ yìí, GMFCS III (ìpele kẹta nínú márùn-ún tí wọ́n fi ń wọn bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe lè rìn tó), wọ́kà, irin tí wọ́n ń dì mú, ló fi ń rìn. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló fi ń tẹlẹ̀, orúnkún rẹ̀ ò sì nà tán. Ó ku nǹkan bíi dìgírì 20.

Iṣan gìgísẹ̀ nìkan ni àwọn dókítà rẹ̀ fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ fà gùn. Ibẹ̀ gan-an ló ń kọ wá lóminú. Tó bá dùbúlẹ̀, tá a na orúnkún rẹ̀ débi tó lè dé, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tẹ̀ sókè kọjá dìgírì 90. Iṣan yẹn ò kúrú, orúnkún ló ń gbé gìgísẹ̀ sókè! Tí wọ́n bá sì fà á gùn jù, egungun ojúgun á máa ṣubú síwájú, ọmọ á máa rìn bí ẹni tó fẹ́ lóṣòó, àtúnṣe rẹ̀ sì nira.

Ṣé kí wọ́n ṣe iṣan ẹ̀yìn itan àti egungun itan tó yí sínú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? X-ray ìbàdí ńkọ́, oṣù mélòó mélòó lẹ ń yà á? Lẹ́yìn POP (símẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ), báwo lẹ ṣe ń dá agbára ẹsẹ̀ padà? A mọ̀ pé ó máa ń lọ sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀ ná.