Dendritic cell àti jẹjẹrẹ: ṣé olùkọ́ T cell ni àbí ẹni tó ń pa á lẹ́nu mọ́?

Ọ̀tún_Gwagwalada:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé kan ní dendritic cell (sẹ́ẹ̀lì ààbò ara tó ń ṣọ́ ewu) ló ń kọ́ T cell (ọmọ ogun ara) láti pa jẹjẹrẹ. Òmíràn ní òun kan náà ló ń pa T cell lẹ́nu mọ́. Èwo ni ká gbà? Ṣé a sì lè fi ṣe abẹ́rẹ́ fún aláìsàn ní Abuja níbí?

Làbù_Kubwa:
Méjèèjì ló tọ̀nà. Ṣé ó ti gbó ni àbí kò tíì gbó? Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà.

Èyí tí kò tíì gbó a máa lúgọ sínú ẹran ara, a máa gbé ègé sẹ́ẹ̀lì tó kú mì. Tí DNA bá tú jáde látinú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ń kú, ariwo ewu nìyẹn. Ó gbọ́ ọ, ó gbó, ó yọ CCR7 (ohun tó ń darí ìrìn rẹ̀) síta, ó sì gba ọ̀nà lymph node lọ, àwọn kókó tó máa ń wú lábẹ́ abíyá yẹn. Níbẹ̀ ló ti máa fi ègé jẹjẹrẹ han T cell lórí MHC (àwo tó fi ń gbé ègé hàn), pẹ̀lú CD80 àti CD86 (àmì ìfọwọ́sí ara rẹ̀), kó tó fi IL-12 (èròjà tó ń ta T cell jí) tì í lẹ́yìn. Tó bá fi ègé nìkan hàn láìsí CD80 àti CD86, T cell á kàn rọ síbẹ̀ ni. Jẹjẹrẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà ló fi ń da àwọn èròjà IL-10, TGF-β àti VEGF síta, kí dendritic cell má baà gbó.

(Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ dendrite inú ọpọlọ o. Ẹ̀ka bíi ti igi nìkan ló pa wọ́n pọ̀.)

Ìyá_Íńkúbétọ̀:
Ti abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ẹ̀rọ apheresis, èyí tó ń ṣa sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n fi ń fa monocyte (irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan) nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀. Wọ́n á fi èròjà GM-CSF àti IL-4 tọ́ ọ di dendritic cell ní 37°C, CO2 5%, fún bí ọjọ́ 5 sí 7. Wọ́n á fún un ní àmì jẹjẹrẹ, wọ́n á sì fi àwọn èròjà TNF-α, IL-1β, IL-6 àti PGE2 mú un gbó láàárín wákàtí 24 sí 48. PGE2 yẹn ní ẹ̀tàn nínú: ó ń jẹ́ kó rin ìrìn lọ sí lymph node, ṣùgbọ́n ó ń dín IL-12 kù.

Tí iná bá lọ tàbí tí CO2 bá tán, omi tí sẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀ á yí láti pupa sí àlùkò. Ẹ má rò pé ó ṣì dára.

Làbù_Kubwa:
Èyí tí FDA (àjọ oògùn Amẹ́ríkà) fọwọ́ sí ní 2010 ni sipuleucel-T, fún jẹjẹrẹ próstéètì tó ti tàn ká. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń fà á sára, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì síra. Nínú ìdánwò rẹ̀, ìdajì àwọn tó gbà á kọjá oṣù 25.8 láyé, ti àwọn tí kò gbà á jẹ́ 21.7. Kì í sábà mú PSA (àmì próstéètì nínú ẹ̀jẹ̀) wálẹ̀, nítorí náà ẹ má fi PSA wọ̀n ọ́n. Wákàtí 18 péré ló lè lò kó tó bàjẹ́, ẹ wá wo ohun tí ọkọ̀ òfuurufú tó pẹ́ máa fà. Ẹni tó bá ní òun ní tirẹ̀ nínú ìgò fún títà ní Wuse, ẹ bi í léèrè ẹ̀jẹ̀ ta ni.

Ọ̀tún_Gwagwalada:
Ẹ ṣé o. Tí CD14 (àmì ara monocyte) kò bá lọ sílẹ̀ ní ọjọ́ 6 ńkọ́?

Ìyá_Íńkúbétọ̀:
IL-4 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, macrophage (irú sẹ́ẹ̀lì ààbò mìíràn) ni monocyte á dà. Bí fírísà bá ń yọ́ tó tún ń dì, agbára IL-4 á máa lọ. Ẹ pín in sí ìgò kéékèèké, ìwọ̀n ìlò ẹ̀ẹ̀kan.