Ta ló mọ bí ìjà Orè ṣe rí gan-an?

Àdùkẹ́_Oǹdó:
Ẹ káalẹ́ o. Gbogbo ìgbà tí nǹkan bá ti le ni màámi máa ń pariwo "ó le kú, ìjà Orè!" Ọmọdé ni wọ́n nígbà ogun Bìáfírà, ìyẹn ìgbà táwọn ará Ìlà-Oòrùn fẹ́ ya kúrò lára Nàìjíríà, àmọ́ tí mo bá ní kí wọ́n sọ ọ́ fún mi, wọ́n á ní "ọ̀rọ̀ ogun kì í ṣe eré, jẹ́ n ráyè jàre." Mo ti ka ti ìwé, mo mọ̀ pé 1967 ló bẹ̀rẹ̀, January 1970 ló parí. Ẹni tó fojú rí i tàbí tí òbí ẹ̀ fojú rí i ni mò ń wá, ẹ jọ̀ọ́.

Baba_Olóko:
Àdùkẹ́ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà yẹn. August 9, 1967 làwọn ṣọ́jà Bìáfírà wọ Mid-West, ẹkùn tí Benin jẹ́ olú ìlú ẹ̀ nígbà yẹn, ká tó ṣẹ́jú wọ́n ti gba Benin, wọ́n ti dé Orè, Èkó ni wọ́n ń bọ̀ wá. Ohun tó tún ń dun àwọn àgbà ni pé ọmọ Yorùbá, Victor Banjo, ló ṣáájú wọn. Oko kòkó bàbá mi ò jìnnà síbẹ̀. Ìró tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo pè é ní àrá, mo wòkè, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ìyá mi gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná lórí iná, wọ́n gbé e karí, a sá wọgbó, ọbẹ̀ ń dà sí wọn lọ́rùn, wọn ò sọ ọ́ sílẹ̀, torí wọn ò mọ ìgbà tá a tún máa jẹun. Ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ fi gba Benin padà ní September lọkàn wa tó balẹ̀. Àpá yẹn wà lọ́rùn ìyá mi títí wọ́n fi kú.

Ọmọ_Ẹkọtẹdó:
Ẹ kú ìrántí o, bàbá. Ìbàdàn ni tiwa. Ọmọ Ìgbò ni lánlọ́ọ̀dù wa, nígbà tí wọ́n pa àwọn èèyàn wọn lókè Ọya ní 1966, ọkàn wọn ò balẹ̀ mọ́, wọ́n kó ẹbí wọn lọ sílé, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé bàbá mi lọ́wọ́. Oṣooṣù ni bàbá mi ń gba owó ilé tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé, pọ́ùn àti ṣílè, títí kan iye tí wọ́n fi pààrọ̀ páànù tó ń jò. 1970 ni lánlọ́ọ̀dù dé, wọ́n ti gbẹ, mi ò dá wọn mọ̀. Bàbá mi ṣí ìwé yẹn síwájú wọn, wọn ò tiẹ̀ wò ó, wọ́n kàn di ọwọ́ bàbá mi mú, wọ́n ń sunkún. Ẹ rántí pé 20 pọ́ùn péré nìjọba fún ẹni tó ní owó ní báńkì ní Bìáfírà lẹ́yìn ogun, iye yòówù kó ti ní síbẹ̀. Ní Port Harcourt ńkọ́, wọ́n ní ilé táwọn Ìgbò sá fi sílẹ̀ ti di ilé tí wọ́n pa tì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rí ilé wọn gbà mọ́. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Ọmọ_Ṣọ́jà:
Ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀ ni bàbá mi, ní ẹ̀ka 3rd Marine Commando, lábẹ́ Benjamin Adékúnlé tí wọ́n ń pè ní Black Scorpion. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ogun. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sọ ọ́, pé àwọn wọ abúlé kan, ọmọ kékeré kan jáde látinú igbó, ikùn ẹ̀ wú, irun ẹ̀ ti pọ́n. Wọ́n na búrẹ́dì sí i, kò wò ó, iyọ̀ ló ń tọrọ, torí ìjọba àpapọ̀ ti dí ọ̀nà tó wọ Bìáfírà, iyọ̀ ò wọlé sọ́dọ̀ wọn mọ́. Wọ́n da díẹ̀ sí i látẹ́lẹwọ́, ó ń lá a títí awọ fi mọ́. Bàbá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí, síbẹ̀ tí iyọ̀ bá dà sórí tábìlì nílé wa, wọ́n á fi ìka ṣà á padà sínú ike. Ẹ má ní kí wọ́n fi iyọ̀ yẹn sílẹ̀ o.

Àdùkẹ́_Oǹdó:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka ti iyọ̀ yìí sí màámi létí. Wọ́n ní kí n tún un kà, wọ́n wá dìde lọ sí ilé ìdáná, wọn ò tíì jáde.