Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ wa ń ràn lọ́wọ́ ní Freetown

Pásítọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ọdún kẹrin rèé tí ìjọ wa ti ń ran ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́wọ́ ní Freetown, ní Sierra Leone tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré ni wọ́n ní níbẹ̀. Èmi ni wọ́n rán lọ bẹ̀ wọ́n wò lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti kọ ìwàásù ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àwọn ìyá ìjọ sì ti di bisikíìtì kún báàgì ńlá méjì tí mo fẹ́ fọwọ́ ara mi pín fún àwọn ọmọ. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà sọ fún mi pé ọmọ Mùsùlùmí ju ìdajì lọ nínú wọn. Báwo ni mo ṣe lè wàásù láìṣẹ àwọn òbí wọn, tí n kò sì ní fi iṣẹ́ tí a rán mi pamọ́?

Tíṣà Àgbà
Ẹ kú ìmúra, sà. Mo ṣe olùkọ́ ní Freetown fún ọdún mẹ́fà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Sierra Leone, bẹ́ẹ̀ ìjọ Kristẹni ló dá ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ sílẹ̀. Ní àwọn ibòmíràn, bí àwọn ọmọ bá ka Àdúrà Olúwa tán lórí ìlà láàárọ̀, wọn á tún ka Fátíhà. Ohun tó ń bí àwọn òbí nínú ni kí àlejò ní kí ọmọ wọn nawọ́ sókè pé òun fẹ́ yí ẹ̀sìn padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Ẹ sọ ìtàn kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì jókòó.

Ìtàn náà sì wà lọ́wọ́ yín: Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ní 1822, tí wọ́n gbé wá sí Freetown, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay níbẹ̀ ní 1827, tó sì fi Yorùbá wàásù nínú ìlú yẹn kan náà ní 1844. Àwọn Krio, ìyẹn àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ sí Freetown, ṣì ń pe àkàrà ní akara títí dòní, wọ́n ń dá ashobi, wọ́n sì ń ṣe komojade fún ọmọ tuntun. Ẹ kí àwọn ọmọ náà ní èdè Krio pé “Aw di bodi?” (ṣé ara le?), ẹ ó rí i bí ojú wọn á ṣe là.

Ẹ bi wọ́n bóyá ìpín méjì ni wọ́n ń ṣe, àárọ̀ àti ọ̀sán, torí bí ìwàásù bá gùn, inú oòrùn ni àwọn ti ọ̀sán á dúró sí. Ẹ má sì fi ọjọ́ tí ẹ bá balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú Lungi ṣe ọjọ́ ìbẹ̀wò yìí. Ọkọ̀ ojú omi lẹ ó tún wọ̀ kí ẹ tó dé ìlú.

Ìyá Ìbejì
Báàgì méjì yẹn ló ká mi lára, Dádì. Nígbà kan tí mo bá ìjọ kan lọ sí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, àlejò wa dúró sórí àga, ó ń pín bisikíìtì, ìlà dàrú. Ọmọbìnrin kékeré kan tí bàtà rẹ̀ ti já gbé e mọ́yà, ó fara ti ògiri. Bisikíìtì ti tán kó tó kàn án. Ọdún mọ́kànlá rèé, ojú ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ kó ẹrù fún ọ̀gá, kí àwọn olùkọ́ fi orúkọ inú rẹ́jísítà pín in lẹ́yìn tí ẹ bá lọ.

Ẹ bá àwọn olùkọ́ jókòó pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ níbẹ̀ ni orúkọ wọn kò sí nínú ìwé owó oṣù ìjọba, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 2018 ni kíláàsì ti ń kún sí i.

Ọ̀kan kù. Láti 2015 ni ìjọba ibẹ̀ ti ka kíláàsì léèwọ̀ fún ọmọbìnrin tí oyún rẹ̀ bá hàn, oṣù Kẹta 2020 ni wọ́n tó fagi lé e. Bí ẹ bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí ìlà, ẹ má fi ìwàásù bá a wí. Ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu pásítọ̀ lè lé e padà sílé.

Pásítọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti gbọ́. Mo pe ọ̀gá náà láàárọ̀ yìí, ìpín méjì ni wọ́n ń ṣe lóòótọ́. Nígbà tí mo bi í pé kí ni wọ́n nílò jù, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní ṣọ́ọ̀kì. Mo ti sọ fún àwọn ìyá ìjọ pé kí wọ́n tú báàgì kan.